Iṣẹ́ Tí Kò Ní Àṣẹ Nínú

Bí ẹ bá wọ ọjà Adjamé ní Abidjan láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù àwa Yorùbá dáadáa. Ẹ ó rí ọmọṣẹ́ kan tó jókòó ti ìdì àǹkárá, oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń pè. Oníbàárà ní kó yọ ẹgbẹ̀rún kan sèfà nínú owó ìdì kan, ọmọ ò sì lè dá a lóhùn. Ọ̀gá wà nínú ọkọ̀ láàárín Koumassi àti Treichville, ìpè ò wọlé. Oníbàárà dúró díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá á dé, á sì máa bèèrè ohun tó fà á tí ọjà ò fi tà.

Mo ti pẹ́ nídìí òwò aṣọ ní ìlú yìí, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ti ń dá dúró, àwọn náà sì ti ń gba ọmọṣẹ́. Ohun tó ń ká mi lára nìyí: gbogbo ọ̀gá ló ń pín iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi àṣẹ sínú iṣẹ́ tí wọ́n pín kò pọ̀. Wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ, wọ́n á gbé ẹrù fún un, wọ́n á gbé ẹ̀bi fún un bí ọjà ò bá tà, wọn ò ní gbé ìpinnu kankan fún un. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn tó pa òwe yìí gbà pé ẹni tí a rán ní làákàyè, wọ́n sì fẹ́ kó lò ó lójú ọ̀nà. Ọ̀gá tó bá ti gba làákàyè lọ́wọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ kó fi jẹ́ iṣẹ́ náà?

Èjìgbò wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí èèyàn wọn pọ̀ jù níbí. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ń gba Kutonu, Lomé àti Accra kọjá títí tó fi ń já sí Abidjan, ọ̀nà náà sì ti mọ́ wa lára débi pé ẹ lè rí ẹni tó máa gba sèfà lọ́wọ́ yín nílé ní Èjìgbò. Nígbà tí àwọn tó ṣíwájú wa bá fẹ́ lọ sílé, bóyá wọ́n fẹ́ kọ́lé ni, bóyá wọ́n fẹ́ ṣòkú òbí, oṣù mélòó kan ni wọ́n máa ń lò. Kò sí fóònù. Lẹ́tà ni, tàbí kí wọ́n bẹ awakọ̀ kó bá wọn jíṣẹ́. Nítorí náà, kí bàbá oníṣọ́ọ̀bù tó gbéra, á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. Á sọ iye tí wọ́n ra ọjà fún un, á sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ tà á kéré sí, á dárúkọ ẹni tó lè gba àwìn àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ láìsanwó. Lẹ́yìn náà á pe àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́wọ́ ọjà kan náà, á gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́ níṣojú wọn, á ní, "Ẹ wò ó, ohun tó bá sọ, èmi ni mo sọ ọ́." Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà ò tún bèèrè bàbá mọ́.

Níṣojú wọn yẹn ṣe pàtàkì. Àṣẹ tí a fún èèyàn ní kọ̀rọ̀, tí oníbàárà ò mọ̀, tí àwọn ọmọṣẹ́ yòókù ò gbọ́, kò ràn án lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ tí ìjà bá dé kí wọ́n tó bi í pé ta ló fi í jẹ ọ̀gá.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ló dára. Àwọn kan dé láti ilé, wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò gígùn yẹn fi dandan mú ọ̀gá láti kọ́ ọmọ dáadáa kó tó lọ, ó sì fi dandan mú ọmọ láti ronú. Fóònù ti gba dandan yẹn kúrò. Lónìí ọ̀gá lè wà ní Èjìgbò kó máa sọ iye tí wọ́n máa ta yáàdì mẹ́fà ní Adjamé, kó ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo àtẹ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó pè lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Ó rò pé òun ń bójú tó ọjà. Nígbà tí ọmọ náà bá wá gba òmìnira lẹ́yìn ọdún tó fi sìn ín, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wojú oníbàárà, kò mọ ìgbà tí èèyàn ń dín owó àti ìgbà tí èèyàn ń dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún ti lọ, ọmọ ò sì kọ́ṣẹ́. Mo ka èyí sí ìrẹ́jẹ, bí ọ̀gá náà tilẹ̀ bọ́ ọ, tó dáṣọ fún un, tó sì fún un lówó ìdásílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́jà lọ sí Plateau, níbi tí Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà, èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní BAD. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Khartoum ní 1963, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní 1966. Nígbà tí ogun dé bá Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀rọ̀ náà le débi pé báǹkì kó lọ sí Tunis ní 2003, kò padà wá jókòó ní Plateau títí di 2014. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò ní Abidjan níbí, ọmọ Yorùbá sì di ààrẹ rẹ̀: Akínwùmí Adéṣínà, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1960, tó kàwé ní Ifẹ̀ àti ní Purdue ní Amẹ́ríkà. Ó wọlé iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, 2015.

Ohun méjì tó ṣe ni mo fẹ́ kí àwa oníṣòwò wò. Àkọ́kọ́, ó kó gbogbo iṣẹ́ báǹkì ńlá náà sábẹ́ nǹkan márùn-ún: kí iná mànàmáná dé ilé àwọn èèyàn, kí Áfíríkà bọ́ ara rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè wa so pọ̀, kí ìgbé ayé ará ìlú dára sí i. Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lè kà á láìwo ìwé. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó wà lókèèrè, tí ìwé kan dé iwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lè bi ara rẹ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà bọ́ sínú márùn-ún yẹn tàbí kò bọ́ síbẹ̀. Tí ọ̀gá ò bá tíì sọ ohun tó fẹ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò lè pinnu nǹkan kan láìjẹ́ pé ó lọ bá a. Èkejì, ní 2016 wọ́n tún ètò báǹkì náà tò, kí iṣẹ́ má baà pé jọ sí Abidjan nìkan. Wọ́n gbé agbára sí ọ́fíìsì àwọn ẹkùn, Nairobi fún ìlà oòrùn, Pretoria fún gúúsù, Tunis fún àríwá, kí àwọn tó sún mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè náà lè máa mójú tó iṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ tó ti rí ogun tó lé e kúrò nílé fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá mọ ewu tó wà nínú kí gbogbo nǹkan wà níbì kan.

Kó tó dé ibí, Adéṣínà ti ṣe irú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn ní Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ló ń ra ajílẹ̀, ìjọba ló ń pín in, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ gidi. Láti 2012, wọ́n gbé ríra àti títà rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó wà nítòsí oko. Nígbà náà, àgbẹ̀ á gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, á lọ sọ́dọ̀ olùtajà, á san apá kan, ìjọba á san ìyókù. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé mínísítà gbà pé ìjọba ò mọ ajílẹ̀ tà, ó sì fi iṣẹ́ náà lé ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó le fún ọ̀gá láti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ tí wọ́n pín ní BAD kò dín báǹkì náà kù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tó ni BAD pàdé ní Abidjan, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí owó ìdókòwò báǹkì náà kúrò ní bílíọ̀nù dọ́là 93, kó di 208. Adéṣínà lo ọdún mẹ́wàá pé, ó sì gbé ipò ààrẹ fún Sidi Ould Tah, ọmọ Mauritania, ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ní ọjọ́ kejì, báǹkì ṣí.

Ẹnìkan lè ní ṣé kí n kàn máa fún gbogbo èèyàn láṣẹ ni, kí n lọ sùn? Rárá o. Ìtàn wa ti dáhùn ìyẹn. Nígbà tí Ìbàdàn di alágbára ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n rán ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kó máa ṣojú wọn níbẹ̀. Àṣẹ wà lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ náà, ó tilẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí kò sí ni ẹni tó ń ṣí ìwé wọn wò. Wọ́n ń jẹ ará ìlú níyà, wọ́n ń gba ohun tí kì í ṣe tiwọn, ẹ̀sùn sì ń lọ sí Ìbàdàn láìsí ìdáhùn. Ní Òkèmẹ̀sí, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìbàdàn, tí Ààrẹ Látòósà ń darí, gbógun dìde, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Nígbà tí mo bá gbọ́ ọ̀gá tó ń sọ pé, "Mo ti gbé e fún un, kò kàn mí mọ́," Kírìjì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó rán ajẹ́lẹ̀ ló ni ìwà ajẹ́lẹ̀.

Côte d'Ivoire tí a ń gbé fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ mìíràn, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ torí ó ṣẹlẹ̀ níṣojú ọ̀pọ̀ wa. Láti òmìnira ní 1960, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny lo ọgbọ̀n ọdún láìní olórí ìjọba kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń parí sí. Nígbà tí kókó ń lówó lórí, a ò rí ìṣòro níbẹ̀. Ní 1989, owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kókó kan já láti 400 sèfà sí 200. Ìdajì lọ. Nígbà tó di 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti wà ní ìgboro. Bàbá ti dàgbà. Ó pe Alassane Ouattara, gómìnà báǹkì àpapọ̀ tó ń tẹ sèfà wa ní Dakar, kó wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa tún ọrọ̀ ajé ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó fi í ṣe olórí ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká yin ohun tó dára níbẹ̀. Àgbà tó ti dá ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún wá ẹni tó mọ owó, ó sì gbé iṣẹ́ owó fún un. Àmọ́ apá kan wà tí wọn ò parí. Òfin ilẹ̀ yìí nígbà náà sọ pé bí ààrẹ bá kú, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Henri Konan Bédié, ló máa jókòó sípò rẹ̀. Ouattara ló sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba lójoojúmọ́, pàápàá ní 1993 tí àìsàn gbé bàbá lọ sí Faransé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, oyè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Nígbà tí Houphouët-Boigny kú ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 1993, Bédié bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti gba ipò. Ouattara fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Èdèkòyédè àwọn méjèèjì ò tán níbẹ̀, gbogbo wa tó wà ní ìlú yìí sì mọ àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e títí dé ogun 2002. Mi ò ní gbé ẹrù gbogbo ogun lé ọ̀rọ̀ kan lórí. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí o bá rán ẹni méjì níṣẹ́ tó fara kan ara, sọ ibi tí ti ẹnì kan parí sí fún àwọn méjèèjì lójú ara wọn, kí o sì sọ ọ́ nígbà tí ohùn rẹ ṣì le.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ èyí tó dùn, bó tilẹ̀ dun àwa ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wà ní Côte d'Ivoire. Àwọn Erin, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí, borí Guinea-Bissau, Nàìjíríà nà wọ́n 1-0, lẹ́yìn náà Equatorial Guinea nà wọ́n 4-0 níbí ní pápá Ebimpé. Mo rántí bí Abidjan ṣe dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n yọ Jean-Louis Gasset tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n ń bẹ Faransé kí wọ́n yá wọn ní Hervé Renard, Faransé kọ̀. Ló bá di pé igbákejì, Emerse Faé, ló kù. Kò tíì darí ẹgbẹ́ àgbà kankan gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rí.

Faé gbà á. Ó mọ àwọn ọmọ náà, torí ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gasset láti 2022. Wọ́n ṣì ráyè wọ ìpele tó kàn. Nígbà tí wọ́n pàdé Senegal tó mú ife lọ́wọ́, ó fi Franck Kessié, ọ̀kan nínú àwọn tó lórúkọ jù, sórí ìjókòó, ó gbé e wọlé nígbà tó yẹ, Kessié sì gbá pẹnáritì tó mú wọn dọ́gba sínú àwọ̀n nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Pẹnáritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, òun náà ló gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Wọ́n borí Mali pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá, wọ́n borí Kóńgò. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, ní Ebimpé kan náà, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Kessié dá a padà, Sébastien Haller fi ìkejì kún un. 2-1. Ife dúró sílé.

Mo bá àwọn aládùúgbò mi yọ̀, inú mi sì bàjẹ́, méjèèjì lóòótọ́. Èyí tó kàn wá ni pé bí Faé bá jẹ́ igbákejì tó ń gbé báàgì lásán, tí kò bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan, kò ní ní ohun tó máa dúró lé lórí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ já lù ú. Ẹni tí ọ̀gá ò jẹ́ kó mọ nǹkan kan, ṣé ọjọ́ ìpọ́njú la fẹ́ kó wá mọ̀ ọ́n?

Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ mi rèé, ẹ lè mú èyí tó bá wúlò. Ọmọṣẹ́ tuntun ò ní àṣẹ owó, àṣẹ àtẹ ló ní: òun ló máa pinnu aṣọ tó máa wà níwájú àti èyí tó máa wà lẹ́yìn, mi ò sì ní tún un tò lẹ́yìn rẹ̀. Bí àtẹ náà ò bá mú oníbàárà wọlé, á rí i fúnra rẹ̀. Tó bá ti mọ aṣọ, mo máa ń sọ iye kan fún un tó lè yọ lórí ìdì kan láìpè mí. Ibẹ̀ le fún mi jù, torí ọmọ á kọ́kọ́ máa yọ gbogbo rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, èmi á sì máa wò ó. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ á là. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwìn, èyí tó ṣòro jù lọ nínú òwò aṣọ, torí orúkọ èèyàn lo fi ń gbé e, kì í ṣe owó.

Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ la ń ṣí ìwé. Bí ọjà tà, a ó ṣí i, bí kò tà, a ó ṣí i. Ìwé tí ọ̀gá ń ṣí kìkì nígbà tí inú bá bí i ti di ìwé ẹjọ́, ọmọ á sì kọ́ láti máa fi nǹkan pamọ́ sí i. Bí mo bá rí àṣìṣe, a ó jókòó sọ ọ́ ní inú ilé. Ọmọṣẹ́ tí o bú lójú oníbàárà, o ti gba gbogbo àṣẹ tí o fún un padà, torí oníbàárà yẹn ò tún ní bá a dúnàádúrà mọ́, ìwọ ni yóò máa wá. Bí olè bá sì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, kí a má fi orúkọ àṣìṣe pè é.

Àwọn obìnrin wa ní ọjà Treichville mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ìyá tó ń tọ́mọ, tó ń ṣòwò, tó ń ṣe ẹgbẹ́, kò lè ṣe é kó má fi nǹkan lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin tó gbé lọ́dọ̀ wọn fi máa ń dá dúró kíákíá.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ka èyí, ní Abidjan, ní Kutonu, ní Èkó, ní Peckham, ẹ wo ẹni tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú ìpinnu kan tí ẹ̀yin nìkan ń ṣe, ẹ gbé e fún un lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ ibi tó parí sí, ẹ sì sọ ọ́ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá pè yín lórí rẹ̀, ẹ bèèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò, ẹ sì jẹ́ kó ṣe é.